Àwo Ẹran ní Ilé Bàbá Ìbíyínká

N kò jẹ ẹran. N kò jẹ ẹja pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ta rèé tí méjèèjì ti kan ẹnu mi gbẹ̀yìn. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé wa, dókítà kò sì sọ pé kí n má jẹ ẹ́. Oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn ará Campos, àdúgbò wa ní Èkó, ti sọ nípa ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Candido ni orúkọ mi. Àgùdà ni wá. Láti Brazil ni bàbá ìyá mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Igbosere. Táípúráítà àwọn akọ̀wé kóòtù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé aago tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ wá, n kò ní lé e. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo tú aago ògiri bàbá mi palẹ̀ tí mo to gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí ẹní, tí mo sì tò ó padà kí bàbá mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Aago náà ń lọ, àmọ́ ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo tún un tú lọ́jọ́ kejì. Ìgbà kẹta ló tó ṣe déédéé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi bíi kí n jókòó ti ohun tó kọṣẹ́, kí n máa wá ibi tó ti kọ̀.

Ní ọdún 1954, nígbà tí Lẹ́ńtì ku ọ̀la, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àrẹ̀mú wá bá mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun sì ni olórí àwọn tó ń pa màlúù ní ilé ìpẹran kan lẹ́yìn afárá.

"Ọ̀gá Candido, ẹ gbà wá o. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbé màlúù sókè ti kọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń fi okùn fa ẹyọ kan báyìí. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Bí a bá ti fà á gòkè, á tún yọ̀ wálẹ̀."

Inú mi ti dùn kó tó sọ ọ́ tán, nítorí mo ti fura sí ibi tó ti bàjẹ́. Mo di irinṣẹ́ mi, mo bá a lọ.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro. Ṣéènì kan ló gba orí àgbá irin tó ní eyín yíká. Bí o bá fa ṣéènì, àgbá á yí, ẹrù á sì máa gòkè. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹrù padà wálẹ̀ ni irin kékeré kan tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń bọ́ sí àárín eyín kan sí èkejì: tì, tì, tì. Ó ń gbà kí àgbá lọ síwájú, kò gbà kó padà sẹ́yìn. Bí irin kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè di odindi màlúù mú, ohun ìyanu ni lójú mi títí dòní. Ìka irin yìí ló ti jẹ, tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Mo wá irin mìíràn, mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì rẹ́ ẹ.

Wọ́n so màlúù funfun kan mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oòrùn mú, òógùn sì ń ṣàn lápá mi. Màlúù náà na ọrùn, ó lá apá mi. Ahọ́n rẹ̀ le bíi sáńpépà, ó sì gbóná. Mo tì í. Ó tún lá a. Nígbà tó yá, n kò tì í mọ́. Mo mọ̀ pé iyọ̀ ara mi ló ń wá, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi. Fún bíi wákàtí méjì, èmi ń rẹ́ irin, òun ń lá apá, àwa méjèèjì gbájú mọ́ṣẹ́ wa.

Nígbà tí mo de ìka tuntun náà sí àyè rẹ̀ tán, mo ní kí Àrẹ̀mú wá dán an wò. Àpò iyanrìn ni mo rò pé wọn yóò so mọ́ ọn. Màlúù funfun náà, tó sún mọ́ wọn jù, ni wọ́n tú. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n pa á, wọ́n sì fi ṣéènì kọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fà á. Tì, tì, tì. Ó ń fi ọwọ́ kan fà á, ó ń fi èkejì họ orí.

"Ọwọ́ yín dára o, Ọ̀gá Candido!" ni Àrẹ̀mú ń pariwo. "Mẹ́wàá là ń pa kílẹ̀ tó mọ́ tán tẹ́lẹ̀. Tí a bá fẹ́, a lè pa ogún báyìí!"

Mo wo apá mi. Itọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi bu ìrẹsì fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ àti ẹran mẹ́ta. N kò sunkún, èébì kò sì gbé mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé mo mọ ọ̀nà tí ẹran náà gbà dé inú àwo mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe máa ń mọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà ń ṣiṣẹ́. Mo sì rí i pé èmi náà wà nínú rẹ̀. Mo jẹ́ ìka irin kan níbẹ̀. Èyí tó wà ní ilé ìpẹran, ẹ̀yìn Àrẹ̀mú nílò rẹ̀. Èyí tó jẹ́ èmi lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Mo yọ ara mi kúrò. Mo jẹ ìrẹsì, mo fi ẹran sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́rú Eérú. Nílé tiwa, a kì í jẹ ẹran ní gbogbo ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, bí ìyá àgbà ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn, nítorí náà kò sí ẹni tó kíyè sí mi. Ẹja ni wọ́n ń jẹ. Èmi náà jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gba ọjà Sandgrouse kọjá, mo rí ẹja àrọ̀ nínú bàsíà tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé. Mo dúró. Mo gbìyànjú láti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ tó dé bá màlúù kò fi ní dé ọ̀dọ̀ ẹja. N kò rí i. Bí mo ṣe fi ẹja sílẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mí, torí pé mo fẹ́ràn ẹja yíyan púpọ̀.

Ní Jímọ̀ọ́ tí Jésù kú ni àṣírí tú. Gbogbo ilé Àgùdà ló máa ń se fíréjòn lọ́jọ́ náà: ẹ̀wà tí a sè títí tó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì tún fi omi àgbọn àti ṣúgà sè. Ọbẹ̀ ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́. Mo ti ń fẹ́ Ìbíyínká sọ́nà láti ọdún méjì, ìgbéyàwó wa yóò sì wáyé ní ọjọ́ méjìlá péré lẹ́yìn ọjọ́ kejì Àjíǹde. Wọ́n pè mí sílé wọn láti wá jẹ fíréjòn. Àǹtí Winifred, àbúrò Bàbá Dáfídì tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ló ń bu oúnjẹ.

"Candido, ẹja rẹ rèé."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Fíréjòn yìí ti tó mi."

"Ṣé ẹja náà ti wá di ẹran ni? Póòpù pàápàá ń jẹ ẹja lónìí."

"Kí Póòpù máa jẹ ẹ́, Àǹtí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àǹtí Winifred kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ.

Ẹni tí kì í bá ṣe Àgùdà lè má mọ ohun tó ń rò. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀, tó sì lọ jẹ́wọ́, Fáádà á bu ìyà fún un: àdúrà ni nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, pé kó má jẹ ohun báyìí fún ọjọ́ báyìí. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti tó ni ìyà ń tó. Èrò Àǹtí Winifred wá lọ báyìí: ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀ ti ṣẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba ẹran àti ẹja pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ni onítọ̀hún ṣe?

Lówùúrọ̀ Sátidé, Àrẹ̀mú dé ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọ̀gá Candido, ṣéènì yẹn ti há o. Àjíǹde dé, màlúù pọ̀ nílẹ̀."

"Mi ò ní wá, Àrẹ̀mú."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín?"

"Rárá. Mi ò ní ṣe é mọ́ ni."

"Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mi ò jẹ ẹran mọ́, mi ò sì fẹ́ tún ohun tí wọ́n fi ń pa á ṣe."

Ó wò mí, ó wo táípúráítà tó wà níwájú mi. "Ẹlòmíràn á tún un ṣe o."

"Kó tún un ṣe."

"Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ ABD yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Inú kò bí i rárá. Èmi ni inú ń bí díẹ̀, nítorí mo ti mọ ohun tó há ṣéènì náà, ọwọ́ sì ń yún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Àǹtí Winifred lọ bá Fáádà. Ó ní òun kò fẹ́ mọ púpọ̀, kí Fáádà ṣáà sọ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ irú èyí tó lè ba ìgbéyàwó jẹ́. Òyìnbó ni Fáádà, ó sì ń rọra ka ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ohun tí ènìyàn bá sọ níbi ìjẹ́wọ́, èmi kò lè sọ ọ́." Kò sì sí ohun mìíràn tó lè sọ, nítorí òfin wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí Winifred gbọ́ ni pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì, n kò rí ibi tí Fáádà ì bá gbà.

Kí ilẹ̀ Àjíǹde tó mọ́, mo ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì ní Porto Novo. Àwọn mìíràn ní mo kọ̀wé sí Íńdíà, àti pé wọ́n ti fi òrùka awo ránṣẹ́ sí mi nínú páálí, èyí tí kì í fẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ jẹ ohun ẹlẹ́jẹ̀. Ẹnì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n tún aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe, aago náà kò sì bàjẹ́. Ìka ọwọ́ mi ló wá wò.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi Máàsì Àjíǹde. Ó délé, ó bọ́ gèlè, ó jókòó.

"Candido, ọ̀la ni wàá lọ jẹ ẹran Bàbá Dáfídì."

"Mo mọ̀, Mà."

"O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo mọ̀ ọ́n. Ní ìdílé wọn, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Bàbá ọmọ ló ń gé ẹran sórí àwo fún un fúnra rẹ̀, àwo náà kò sì gbọdọ̀ padà sílé ìdáná pẹ̀lú ẹran lórí. Bó bá padà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ti kọ ọmọ náà nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, nígbà ayé bàbá Bàbá Dáfídì, wọn kò sì bá ìdílé ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún.

"Sọ fún wọn pé inú ń run ọ́," ni ìyá mi wí. "Sọ pé dókítà ní kó o má jẹ ẹ́. Ta ni yóò lọ bi dókítà?"

"Inú ò run mí, Mà."

"Èmi náà mọ̀ pé kò run ọ́! Ìbíyínká ni mo ń wò. Bóo bá pàdánù ọmọ yẹn nítorí màlúù, màlúù náà á wá máa se oúnjẹ fún ẹ ni?"

Mo sọ fún un pé irọ́ dà bíi pépà tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Tábìlì á dúró lónìí; lọ́la pépà á fún pọ̀, wàá tún wá òmíràn ká síbẹ̀. Bí mo bá ní inú ń run mí, wọn yóò máa béèrè lọ́dọọdún bóyá ó ti san. Ìyá mi ní òun kò bi mí nípa tábìlì.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Ìbíyínká wá sí ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló sì mú wa mọra. Òun nìkan ni oníbàárà tó béèrè lọ́wọ́ mi rí ìdí tí òwú fi ń já, dípò kó kàn ní kí n tún un ṣe. Ó jókòó sórí àpótí.

"Bùọ̀dá Candido, mo gbọ́ pé ẹ ti bímọ méjì. Ẹ kú ewu ọmọ."

"O ṣé. Àwọn ọmọ wà dáadáa."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́ fún un, láti orí ẹ̀rọ dé orí apá mi tí màlúù lá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe kéré tó. Ó gbọ́ mi tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tú ìdè.

"Ṣé ẹ máa ní kí èmi náà má jẹ ẹran?"

"Rárá. Ẹnu rẹ ni."

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n á jẹ ohun tí o bá sè. Bí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n bi mí, mà á sọ ohun tí mo rí."

"Ìkòkò méjì ni mà á máa gbé kaná?"

"Èmi ni mà á máa se tèmi. Mo ti mọ mọ́ínmọ́ín sè. Mo ti mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sè, pẹ̀lú olú tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Adéníji Adélé. Bí o bá fi irú sí i tó, o kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dín níbẹ̀."

"Mà á mọ̀," ni ó wí. "Ẹran dùn, Bùọ̀dá Candido. Ẹ má parọ́ mọ́ ọn."

"Ó dùn. Mi ò sọ pé kò dùn."

"Ẹ ò wá lè jẹ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́la? Nítorí tèmi?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù. Mo ní, "Bí mo bá jẹ ẹyọ kan nítorí tìẹ, mà á jẹ òmíràn nítorí ìyá mi, mà á sì jẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta nítorí àwọn aládùúgbò. Mi ò lè jẹ ẹ́, Ìbíyínká."

Ó dìde, ó gbọn eruku irin kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ẹ má pẹ́ lọ́la. Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹran tutù." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ kóòtù aláwọ̀ eérú mi, èmi àti ìyá mi sì lọ. Bàbá Dáfídì jókòó nídìí tábìlì, bíríkìlà àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bíi ṣọ́bìrì. Àǹtí Winifred wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìbíyínká jókòó tì mí. Itan màlúù sísun kan wà láàárín, ooru ń rú lára rẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Bàbá Dáfídì gbàdúrà, ó mú ọ̀bẹ, ó gé ègé ńlá kan, ó sì gbé e sórí àwo mi.

"Ọmọ wa rèé," ni ó wí. Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo gba ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ ẹran."

Àǹtí Winifred mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i?"

"Candido," ni Bàbá Dáfídì wí, "èmi náà ti jẹ́ ọ̀dọ́ rí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kì í dá. Dárúkọ rẹ̀ níbí, ká mọ̀ ọ́n, ká sì gbàgbé rẹ̀."

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, Bàbá."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀rọ, ti ìka irin, ti ahọ́n màlúù. Nígbà tí mo dé ibi ahọ́n, Àǹtí Winifred fi etí gèlè rẹ̀ bo ẹnu.

"Màlúù lá a lọ́wọ́!" ni ó wí. "Bí ajá bá wá lá a lẹ́sẹ̀ lọ́la, á ní òun ò rìn mọ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi pàápàá, ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, Àǹtí," ni mo wí. "Ohun tí ẹ ní kí n sọ ni mo sọ. Ká ní mo sọ pé mo ti ba ayé ẹnì kan jẹ́ ní Porto Novo ni, ẹ ì bá ti dárí jì mí nísinsìnyí, èmi náà ì bá sì máa jẹ ẹran. Mi ò ní di ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá ru ara mi nítorí kí ọ̀rọ̀ lè yé yín."

Ẹ̀rín tán. Bàbá Dáfídì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àwo yẹn kò gbọdọ̀ padà sílé ìdáná pẹ̀lú ẹran. O mọ ohun tó túmọ̀ sí bó bá padà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mi ò kọ ọmọ yín. Ẹran yín ni mi ò jẹ."

"Kò sí ìyàtọ̀ nínú ilé yìí."

Mo ń wo ẹran náà, mo sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwo yẹn lọ báyìí, mo ti pàdánù Ìbíyínká.

Ìbíyínká na ọwọ́, ó fa àwo mi sí iwájú ara rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran náà. Kò yára, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu ọ̀rá orí àwo, ó tì í padà sí iwájú mi.

"Bàbá, ẹran ò sí lórí àwo mọ́."

"Ìwọ ni mo gé e fún?"

"Bùọ̀dá Candido lẹ gé e fún. Ẹ ò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Àwo lẹ sọ."

Bàbá Dáfídì wò ó títí. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ègé mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́, ó gbé e sórí àwo mi. Ìbíyínká fà á, ó jẹ ẹ́. Ó gé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí ọ̀rá pọ̀ lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti dá a dúró. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má jẹ ẹ́, èmi ni mo ń jẹ ẹ́." Òógùn ti ń jáde níwájú orí rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. "Bàbá, mo fẹ́ràn ẹran. Ìwọ̀n tọkọtaya ni mà á máa dá jẹ láti ìsinsìnyí lọ. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, ta ló rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gé òmíràn."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Dáfídì wo ọmọ rẹ̀, ó wo itan tó kù, ó rọra gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ẹ gbé àwo náà lọ sílé ìdáná," ni ó wí. Ó wá yíjú sí mi. "Aago mẹ́wàá ni ìgbéyàwó. Má pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, mà á mọ̀ ọ́n."

Inú run Ìbíyínká fún odindi ọjọ́ méjì. Òun ló wá di ẹni tí dókítà ní kó má jẹ ẹran, fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń bú mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bí mo ṣe ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un.

Títí di òní, Bàbá Dáfídì kò tíì gbà mí gbọ́. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, á gé ẹran ńlá sórí àwo mi, á wo ojú mi, bóyá èyí ni ọdún tí n ó jẹ́wọ́. Mà á dúpẹ́, mà á sì sún àwo náà sọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ìyàwó mi jókòó sí. Kò tíì padà sílé ìdáná pẹ̀lú ẹran rí.